Tírákítọ̀ bírándì ńlá àbí kékeré? Ẹ kọ́kọ́ wo dílà kẹ́ ẹ tó wo ọ̀dà

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí jù lórí tírákítọ̀ ni pé ṣé aláwọ̀ ewé ni káwọn rà ni àbí aláwọ̀ ọsàn, àbí káwọn kúkú mú pupa kan báyìí tówó ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. John Deere ló ni ewé, Kubota ló ni àwọ̀ ọsàn, ṣùgbọ́n Kioti náà ń kun tiẹ̀ láwọ̀ ọsàn, Massey Ferguson pupa, Mahindra pupa, TYM pupa, New Holland búlúù, LS náà búlúù. Ẹ to gbogbo wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n, kí wọ́n fọ̀ wọ́n, kí táyà wọn máa dán, gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ìbéèrè lèmi náà fi ń dá wọn lóhùn: tó bá kú sáàárín oko láàárọ̀ Sátidé, tí òjò sì ti ń ṣú, ta lẹ máa pè, ṣé onítọ̀hún á gbé fóònù? Ẹni tó bá rí ìyẹn dáhùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹni tí ò bá rí i dáhùn, ì báà jẹ́ tírákítọ̀ tó dáa jù láyé ló ń wò, kò tíì yẹ kó kówó sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mò ń pè ní bírándì kékeré kí wọ́n má bàa bú mi. Mahindra yìí, tá a bá ní ká ka iye tírákítọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dún, kò sẹ́ni tó ń tà tó wọn láyé, Íńdíà ni wọ́n ti wá, níbẹ̀ ẹ ò lè rìn jìnnà kẹ́ ẹ má rí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n. Zetor náà, ọmọ ilẹ̀ Czech, láti 1946 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbé èyíkéyìí nínú wọn lọ síbi tó jẹ́ pé dílà kan ṣoṣo (ẹni tó ń ta bírándì náà, tó sì ń tọ́jú ẹ̀) ló wà láàárín ìrìn wákàtí mẹ́ta, ó ti di bírándì kékeré níbẹ̀ nìyẹn. Iye dílà tó wà lágbègbè yín lèmi fi ń wọn bírándì.

Ní ti irin inú wọn, ìyàtọ̀ ò pọ̀ tó báwọn èèyàn ṣe rò. Àwọn John Deere kékeré 850 àti 950 tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970, Yanmar ti Japan ló ṣe wọ́n. Àwọn tírákítọ̀ kékeré kan tí New Holland tà lórúkọ Boomer, LS ti Kòríà ló ṣe wọ́n. Mahindra gan-an ti gba àwọn kékeré kan lọ́wọ́ TYM àti Mitsubishi rí, ó wá lẹ orúkọ tiẹ̀ mọ́ ọn. Irin kan náà ni, ọ̀dà ló yàtọ̀, dílà ló sì yàtọ̀ jù, torí ẹni tó bá ra ti New Holland ní dílà New Holland lẹ́yìn, ẹni tó ra ti LS ó di dandan kó wo ẹni tó ń ta LS lágbègbè ẹ̀ dáadáa.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni bó ṣe jìnnà tó. Tírákítọ̀ ò dà bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ máa wà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kẹ́ ẹ sì wà á padà wálé lálẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré yìí ò lè sáré kọjá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, tó bá sì ti kú, ọkọ̀ mìíràn ló máa gbé e lọ, ọkọ̀ mìíràn náà ló máa gbé e bọ̀. Tó bá jẹ́ pé mẹkáníìkì ló máa wá bá yín lóko, láti ìgbà tó bá ti tan ọkọ̀ ẹ̀ lówó ti ń kà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Nítorí náà dílà tó wà ní wákàtí kan sí yín tí owó ọjà ẹ̀ ga díẹ̀ lè dín owó kù fún yín ju èyí tó jìnnà tó gbé owó wálẹ̀ lọ. Ẹ béèrè náà bóyá ó ní ọkọ̀ tó fi ń gbé tírákítọ̀, àwọn kan ò ní, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá ọ̀nà gbé e wá.

Èkejì ni páátì, ibí yìí ni gbogbo ìjà wà. Páátì tírákítọ̀ pín sí méjì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ lè rí i níbikíbi: bátìrì, béárì, fíltà ọ̀pọ̀ ìgbà, bẹ́líìtì, ọ́ìlì. Àwọn ohun tá à ń so mọ́ ọn lẹ́yìn náà, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ń lò, tí ẹ̀yìn tírákítọ̀ yín bá ti jẹ́ Category 1, ìyẹn ìwọ̀n ìkọ́ ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ tírákítọ̀ kékeré ń lò, píìnì ìsàlẹ̀ tó jẹ́ mílímítà 22 á wọ̀ ọ́ bó ti wù kí bírándì ẹ̀ jẹ́, ọ̀pá PTO náà, ìyẹn ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń fún ohun tẹ́ ẹ so mọ́ ọn lágbára, ń yí nígbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, bó ṣe wà lára ẹlòmíràn ló ṣe wà lára tiyín. Àwọn yòókù ni wàhálà: pọ́ǹpù haidrọ́líìkì tó ń fi ọ́ìlì gbé nǹkan sókè, klọ́ọ̀ṣì, wáyà iná inú ẹ̀, sẹ́ńsọ̀, àwọn jíà, kódà ìdérí ẹ́ńjìnnì tí ẹ̀ka igi fọ́. Àwọn wọ̀nyí dílà nìkan lẹ máa ti rí wọn, tí dílà ò bá sì ní in, ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ ni, tí tibẹ̀ bá tán, inú ọkọ̀ ojú omi ló wà, ó ń bọ̀ láti Kòríà tàbí Íńdíà.

Mo ní bí mo ṣe ń dán wọn wò. Kẹ́ ẹ tó bá ẹni tó ń ta tírákítọ̀ sọ̀rọ̀ rárá, ẹ lọ bá ẹni tó wà níbi páátì, kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni tó ti ní tírákítọ̀ náà nílé. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Fíltà dísẹ́ẹ̀lì, ìyẹn gbọ́dọ̀ wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù, tí ò bá sí, ẹ yíjú padà, ẹ máa lọ. Klọ́ọ̀ṣì tàbí pọ́ǹpù omi, ó lè má ní in, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó wà àti iye ọjọ́ tí yóò gbà. Ìkẹta kẹ́ ẹ béèrè nǹkan yẹpẹrẹ tí kò sẹ́ni tó ń rà, bíi gíláàsì iná iwájú tàbí ìkọ́ tó ń di ìdérí ẹ́ńjìnnì mú, kẹ́ ẹ wá máa wo ojú ẹ̀. Tó bá yíjú sí kọ̀ǹpútà, tó béèrè síríà nọ́ńbà, tó wá ya àwòrán páátì náà hàn yín, ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ni. Tó bá ní "ẹ jẹ́ kí n pè yín padà", ẹ dúró wò bóyá á pè lóòótọ́. Èyí tí ò bá pe ẹni tó ṣì fẹ́ rà, ṣé ẹni tó ti rà tán ló máa wá pè?

Mẹkáníìkì ńkọ́? Ibí yìí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì wọlé díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin èéfín le fún ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó bá ti tó họ́ọ̀sìpáwà 25 lọ sókè, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí tírákítọ̀ kékeré rẹpẹtẹ tí wọ́n kọ 24 àti díẹ̀ sára wọn. Àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ yẹn, ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ wọn kò ní nǹkan púpọ̀ nínú, sípánà àti làákàyè tó wọn. Àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sáábà máa ń ní fíltà èéfín tó ń jó ara ẹ̀ mọ́, sẹ́ńsọ̀ oríṣiríṣi, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀, tí iná pupa bá sì tàn lójú ẹ̀, láptọ́ọ̀pù dílà nìkan ló mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tí dílà ẹ̀ ò lágbára, ìmọ̀ràn mi ni pé kó dúró lábẹ́ 25. Ẹ béèrè iye mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀ àti bóyá ẹnì kankan nínú wọn ti gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe tírákítọ̀ náà. Ọ̀kan péré tó mọ̀ ọ́n dùn mọ́ mi ju márùn-ún tó ń wo fídíò lọ.

Wáráńtì, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò gùn. Àwọn bírándì kékeré fẹ́ràn láti kọ ọdún tó pọ̀ sórí wáráńtì wọn torí ohun tí wọ́n fi ń fa ojú èèyàn mọ́ra nìyẹn. Ṣùgbọ́n dílà ló ń ṣe iṣẹ́ wáráńtì, ilé iṣẹ́ ló máa wá san án padà fún un, tí ilé iṣẹ́ bá ń pẹ́ kó tó sanwó, tírákítọ̀ yín á jókòó sẹ́yìn ilé dílà, àwọn tó ń sanwó lọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Àwọn dílà kan ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kan wáráńtì tírákítọ̀ tí kì í ṣe àwọn ló tà á. Ẹ béèrè ìyẹn kẹ́ ẹ tó lọ ra níbi tó jìnnà torí owó tó wálẹ̀ díẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọjọ́ orí dílà náà pẹ̀lú bírándì yẹn. Dílà lè pa bírándì tì. Ó lè tà á lọ́dún mẹ́ta, kó rí i pé èrè ò sí níbẹ̀, kó mú òmíràn, àwọn tó ti rà á á wá di ọmọ òrukàn. Ẹ béèrè ọdún tó ti ń tà á. Ẹ wo àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀ tó ń tún ṣe, ṣé ti bírándì yìí wà níbẹ̀? Tí gbogbo wọn bá jẹ́ tuntun, tí kò sí àlòkù kankan tó wá gba ìtọ́jú, ó lè jẹ́ pé kò tíì pẹ́, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó rà á kì í padà wá.

Bírándì ńlá lọ́wọ́ dílà ńlá

Ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún níbí ni ìfọ̀kànbalẹ̀, owó ẹ̀ sì ga. John Deere, Kubota, New Holland, Massey Ferguson, páátì wọn kì í pẹ́ dé, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀la ló máa dé, tí dílà kan bá sì ti ilẹ̀kùn, òmíràn wà níwájú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹni tó máa rà á ò ní béèrè pé kí nìyí.

Àléébù ẹ̀ wà ṣá o, àwọn èèyàn kì í sọ ọ́. Ẹni tó ní tírákítọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni ìrù níbi tí àwọn tó ní ẹ̀rọ ìkórè ńláńlá ti jẹ́ orí, nígbà ìkórè, mẹkáníìkì tó dáa jù wà lóko olówó, tiyín á dúró. Ọ̀pọ̀ dílà ńlá náà ti para pọ̀, ẹnì kan á ní ẹ̀ka tó pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹni tó ń dá yín lóhùn lónìí ẹ lè má rí i lọ́dún tó ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà inú àwọn tuntun tún wà níbẹ̀. Ìjà tó gbóná ni ní Amẹ́ríkà: ní oṣù January 2023, John Deere bá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ American Farm Bureau Federation tọwọ́ bọ̀wé lórí ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ láti tún ẹ̀rọ ara ẹ̀ ṣe, lọ́dún yẹn kan náà ìpínlẹ̀ Colorado ṣòfin lórí ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, síbẹ̀ ní January 2025 ìjọba àpapọ̀ tún gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni pé dílà kan lè sún mọ́ni, kó sì tún di ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan.

Bírándì kékeré lọ́wọ́ dílà tó mọ̀ ọ́n

Kí n má parọ́, ibí yìí lọkàn mi wà. Ọdún kan báyìí, síìlì pọ́ǹpù haidrọ́líìkì tèmi já láàárín àsìkò ìgbìn, ọ́ìlì ń dà bí ẹni pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, pọ́ǹpù ọ̀hún sì ti bàjẹ́ mọ́ ọn. Bírándì kékeré ni. Mo pe dílà, ìyàwó ẹ̀ ló gbé fóònù, ó ní kí n ka nọ́ńbà ara ẹ̀ fóun, ó wò ó, ó ní kò sí nílẹ̀ o, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló máa gbà. Ara mi kú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọkọ ẹ̀ pè mí padà, ó lóun ti tú pọ́ǹpù kúrò lára tuntun kan tó wà lọ́gbà òun, kí n wá gbé e láàárọ̀, tí èyí tóun béèrè bá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, òun á fi í sára tuntun náà, ṣebí kò tíì sẹ́ni tó rà á. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan tí mo buwọ́ lù. Níbi tí ilé iṣẹ́ bá ti tóbi, ẹni tó wà níbi páátì ò láṣẹ àtiṣe irú ẹ̀, kódà kó wù ú láti ṣe é.

Ohun tó ń mú kí dílà kékeré ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ ẹ̀ nìkan ló ní. Àwọn èèyàn ò mọ bírándì tó ń tà, òun ni wọ́n mọ̀, tó bá já ẹnì kan kulẹ̀, ẹni yẹn á sọ fún mẹ́wàá, ọjà ẹ̀ á kú. Ẹni tó ń ta bírándì ńlá, ọ̀dà ló ń bá a pe oníbàárà. Ẹ tún wá fi kún un pé owó tírákítọ̀ náà sáábà wálẹ̀ ju ti ńlá tó ní agbára kan náà lọ, pé lódà, ìyẹn apá iwájú tó ń kó iyẹ̀pẹ̀, àti àwọn nǹkan tẹ́ ẹ máa sanwó lọ́tọ̀ fún níbòmíràn máa ń wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ á rí i pé òpè kọ́ ni àwọn tó ń rà á.

Ewu ibẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Tó bá ṣàìsàn ńkọ́? Tó bá rẹ̀ ẹ́, tọ́mọ ẹ̀ ò sì fẹ́ iṣẹ́ náà ńkọ́? Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n wá dílà kejì kí wọ́n tó ra lọ́wọ́ àkọ́kọ́. Ẹ mọ ibi tó wà, ẹ pè é, ẹ béèrè bóyá á ta páátì fún yín tàbí fi ránṣẹ́. Tí ẹlòmíràn bá wà, kódà tó jẹ́ ìrìn wákàtí mẹ́rin, ewu yẹn ti dín kù gan-an. Tí ò bá sí rárá, tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà, ẹ ò ra tírákítọ̀ mọ́ nìyẹn, ìlera ọkùnrin yẹn lẹ rà.

Ẹ tún wo ẹni tó wà lẹ́yìn bírándì náà. Orúkọ lè kú kí páátì má kú. TYM ra ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Branson ní 2016, nígbà tó yá wọ́n da orúkọ Branson pọ̀ mọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ṣì wà, àwọn tó ní Branson mọ ẹni tí wọ́n máa béèrè páátì lọ́wọ́ ẹ̀. Allis-Chalmers ti Amẹ́ríkà ta apá tírákítọ̀ ẹ̀ fún Deutz ti Jámánì ní 1985, ìyẹn ló wá di ilé iṣẹ́ AGCO ní 1990, ẹni tó ní èyí tó ti pẹ́ ṣì rí ẹni bi. Ṣùgbọ́n Universal ti Brașov ní Ròmáníà, tí wọ́n tà káàkiri ayé, tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní 2007, láti ìgbà yẹn ọwọ́ àwọn tó ń kó páátì pa mọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ní in wà. Ẹ sì yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì Perkins tàbí Yanmar, táwọn bírándì mìíràn náà ń lò, ló wà nínú bírándì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ẹ ti ní dílà kejì fún apá tó ṣòro jù lára ẹ̀, ẹ kàn lè má mọ̀ ni.

Bírándì kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ohun gbogbo

Ẹ mọ irú wọn. Ó ń ta jẹnẹrétọ̀, ó ń ta ọkọ̀ ojú omi kékeré, ó ń ta ilé onípákó, tírákítọ̀ mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbé lódà wọn sókè bí ẹni ń juwọ́ síni. Mo ti rà lọ́wọ́ irú ẹ̀ rí, ojú mi rí nǹkan. Ẹni tó tà á fún mi ò mọ iye ọ́ìlì tó ń gbà. Nígbà tó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 50 tó yẹ kí wọ́n ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́, kí wọ́n pààrọ̀ fíltà, wọ́n ní kí n gbé e wá, mo gbé e lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, torí fíltà kan tí wọn ò bèèrè fún ṣáájú. Tírákítọ̀ náà ò níṣòro o, mo ṣì gbóríyìn fún un títí dòní.

Owó wọn lè wálẹ̀ jù ní gbogbo ọjà. Ẹ má rà á lọ́wọ́ wọn àyàfi tí dílà tó mọ̀ ọ́n bá wà níbòmíràn tó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ fún yín pé òun á tọ́jú ẹ̀.

Èyí tó wá nínú àpótí, tí ò ní dílà rárá

Ẹ rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sanwó, ó dé nínú àpótí onírin, táyà wà lọ́tọ̀, ẹ̀yin lẹ máa tò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Ṣáínà, tírákítọ̀ kan náà á ní orúkọ mẹ́rin, ẹni tó kó o wọlé ló ń yan orúkọ. Ìṣòro tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé ẹ lè má mọ orúkọ tó ń jẹ́ níbi tí wọ́n ti ṣe é, ẹ ò sì lè béèrè páátì ohun tẹ́ ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ sípánà dáadáa, tó lè jó irin, tó lè wọn béárì kó lọ wá èyí tó bá a mu, ìyẹn lè gbádùn ẹ̀, mo mọ àwọn tó ń gbádùn ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ni dílà ara ẹ̀. Ẹni tí ò bá lè pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ara ẹ̀, kó jìnnà sí i.

Tòkunbọ̀ láti Japan

Àwọn Yanmar, Kubota, Iseki tó ti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrẹsì ní Japan, tí wákàtí tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ kéré, tí owó wọn fani mọ́ra. Wọ́n lágbára, irin wọn dáa, mi ò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe wọ́n fún ilẹ̀ mìíràn, ìkọ̀wé ara wọn lédè Japan ni, nọ́ńbà ara wọn ò sí nínú kọ̀ǹpútà dílà tó ń ta irú bírándì kan náà níbòmíràn, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní ọ̀pá tó ń dáàbò bo awakọ̀ tó bá dojú dé. Lọ́dún 1997, àjọ tó ń rí sí òwò òkèèrè ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé kí wọ́n má kó àwọn tòkunbọ̀ Kubota kan wọlé mọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1999. Wọ́n wo irin ẹ̀, wọ́n tún ka ìwé ìlò, ìkọ̀wé ìkìlọ̀ ara ẹ̀ àti ìtọ́jú mọ́ ohun tó mú un yàtọ̀ sí èyí tí dílà ń tà. Òfin gan-an gbà pé tírákítọ̀ tí ò sẹ́ni tó máa tọ́jú ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó lẹ́ni lẹ́yìn, bí wọ́n tiẹ̀ jọ jẹ́ orúkọ kan náà.

Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ ra irú tó pọ̀ tó pé àwọn kan ti ń kó páátì ẹ̀ wọlé lọ́tọ̀, Yanmar ló sàn jù níbẹ̀, ẹ sì wá ọ̀pá ààbò yẹn fi sí i lọ́jọ́ kìíní.

Àlòkù tó ti dàgbà

Ibí yìí nìkan ni dílà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rò ó. Ẹ mú Massey Ferguson 135, láti 1964 dé 1975 ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnnì Perkins onísìlíńdà mẹ́ta ló wà nínú èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ó pọ̀ láyé débi pé ilé iṣẹ́ tí ò bá Massey tan rárá ń ṣe páátì ẹ̀, mẹkáníìkì àgbàlagbà á sì tú u lójú oorun. Owó ẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n bírékì ẹ̀ ò dà bíi ti òde òní, àpọ́njú kékeré kékeré á máa wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ lákòókò fún un.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ń fi tírákítọ̀ jẹun, tí ọjọ́ méjì tó bá kú lè ba gbogbo ọdún jẹ́, kó ra bírándì ńlá tí dílà ẹ̀ wà nítòsí, kó sanwó ẹ̀ kó dákẹ́. Àyàfi tí dílà bírándì kékeré kan bá wà tó sún mọ́ ọn jù ú lọ tó sì yege ìdánwò páátì tí mo sọ yẹn, nígbà náà mo gbà pé kékeré ló yẹ kó mú, pàápàá tó bá mọ̀ pé ìrù lòun máa jẹ́ lọ́dọ̀ dílà ńlá.

Ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀, tó ń gé koríko, tó ń fi lódà kó iyẹ̀pẹ̀, tó ń túlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, bírándì kékeré lọ́wọ́ dílà dáadáa ni tiẹ̀, lábẹ́ họ́ọ̀sìpáwà 25 tí iṣẹ́ ẹ̀ ò bá jù bẹ́ẹ̀. Tí dílà dáadáa ò bá sí láàárín wákàtí méjì, kó wo bírándì ńlá àlòkù dípò kékeré tuntun, mo mọ̀ pé tuntun dùn mọ́ èèyàn lójú. Ẹni tó fẹ́ràn sípánà, tí ọwọ́ ẹ̀ kì í kúrò nínú gírísì, àlòkù tó ti dàgbà tàbí tòkunbọ̀ á bá a lára mu, àpótí náà wà ńbẹ̀ tó bá lágídí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ra bírándì kékeré tẹ́lẹ̀, tí dílà yín ti kó ẹrù ẹ̀ lọ, ẹ má tíì tà á. Ẹ ra ìwé páátì ẹ̀ báyìí tó ṣì wà, ẹ kọ síríà nọ́ńbà tírákítọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì síbi tí òjò ò lè bà á, ẹ ra fíltà ọdún méjì, bẹ́líìtì kan, síìlì pọ́ǹpù kan, kẹ́ ẹ pe dílà tó sún mọ́ yín jù lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ ra nǹkan kékeré lọ́wọ́ ẹ̀, ì báà jẹ́ fíltà kan péré, kí orúkọ yín ti wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ kí ọjọ́ wàhálà tó dé.